Aago Kan Ṣoṣo Kò Tó fún Ilẹ̀ Ṣáínà

Ní ìlú Kashgar, tó wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Ṣáínà, òkùnkùn ṣì máa ń ṣú ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ nínú oṣù Kejìlá, agogo mẹ́wàá a sì ti kọjá kí oòrùn tó yọ. Ní Beijing tí í ṣe olú-ìlú, ilẹ̀ ti mọ́, oòrùn sì ti yọ láti nǹkan bí agogo méje àbọ̀. Aago kan náà ni ìlú méjèèjì ń lò, nítorí pé nígbà tí ìjọba tuntun gorí àlééfà ní ọdún 1949, ó fagi lé àgbègbè àkókò márùn-ún (àgbègbè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀) tí ilẹ̀ náà pín sí tẹ́lẹ̀, ó sì sọ aago Beijing di aago gbogbo ènìyàn. Èrò wa ni pé àṣẹ yìí ń ni àwọn tó jìnnà sí olú-ìlú lára, àsìkò sì ti tó láti tún un yẹ̀ wò.

Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Bí a bá pín dígírì 360 tó yí i ká sí wákàtí wọ̀nyí, dígírì 15 ló kan wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ Ṣáínà sì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí dígírì 73 ní ìlà-oòrùn Greenwich, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n dígírì wọ̀nyí ní London, ó lọ títí dé nǹkan bí dígírì 135, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ju wákàtí mẹ́rin lọ láàárín ọ̀sán gangan ní ìpẹ̀kun kan àti ọ̀sán gangan ní ìpẹ̀kun kejì. Nígbà tí oòrùn bá wà ní àárín orí ní Kashgar, aago ìjọba ti ń sún mọ́ mẹ́ta ọ̀sán. Ní ibi tóóró tí Ṣáínà ti bá Afghanistan pààlà, ẹni tó bá sọdá ní láti yí aago rẹ̀ padà ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀.

Àwọn ará Xinjiang, ẹkùn tí Kashgar wà nínú rẹ̀, kò ká ọwọ́ gbera. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì níbẹ̀ ni kì í ṣílẹ̀kùn títí di agogo mẹ́wàá àárọ̀ ní aago Beijing, ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀yà Uyghur sì ń lo aago tiwọn, èyí tó fi wákàtí méjì rẹ̀yìn sí ti ìjọba. Nítorí náà, bí ènìyàn méjì bá fẹ́ pàdé ní agogo márùn-ún, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara wọn pé aago wo ni wọ́n ń sọ, torí pé ẹni tí kò bá béèrè lè dúró fún wákàtí méjì gbáko láìrí ẹni tó ń retí. Àdéhùn tó yẹ kí ó rọrùn wá di ohun tí a ń ṣe àlàyé lé lórí lójoojúmọ́, láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ìlú kan náà.

Àwọn tó fara mọ́ aago kan ṣoṣo ní ìdí tiwọn, a kò sì fẹ́ fojú rénà rẹ̀. Wọ́n ní ó ń so orílẹ̀-èdè pọ̀, àti pé ó ń mú kí ètò ìrìnnà àti òwò rọrùn. Ṣùgbọ́n ta ni ètò ìrìnnà ká lára ju àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lọ? Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń fi ọ̀sán gangan tirẹ̀ ṣe aago, àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ló fòpin sí rúdurùdu náà ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1883. Wọn kò fi aago ìlú kan lé gbogbo ilẹ̀ náà lórí. Ńṣe ni wọ́n pín in sí àgbègbè láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, wákàtí kan láàárín èkíní àti èkejì. Rọ́ṣíà náà ní àgbègbè àkókò 11, wákàtí mẹ́sàn-án sì ni Kamchatka, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn rẹ̀, fi ṣíwájú Moscow tí í ṣe olú-ìlú. Ní ọdún 2010, ìjọba ibẹ̀ dín wọn kù sí mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 2014, ó tún dá wọn padà sí 11.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ Acre ní ìwọ̀-oòrùn Brazil ló yẹ kí gbogbo ìjọba fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 2008, òfin kan sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan kí ó lè sún mọ́ ti Brasília tí í ṣe olú-ìlú, láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú. Nígbà tí wọ́n wá dìbò lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ló ní àwọn fẹ́ aago àtijọ́. Síbẹ̀, oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni wọ́n tó rí i gbà padà. Ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ohun tí àwọn ènìyàn ti fi ìbò wọn sọ. Ní Kazakhstan, tí ìjọba sọ gbogbo rẹ̀ di àgbègbè kan ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn ará ìlà-oòrùn fárígá pé ilẹ̀ ń tètè ṣú jù. Òótọ́ ni pé aago tuntun náà bá ipò oòrùn lórí ilẹ̀ wọn mu, ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ yí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ padà yẹ ní ẹni tí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Ṣáínà kò le. Kí ó fọwọ́ sí aago tó fi wákàtí méjì rẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí aago Xinjiang lábẹ́ òfin, kí àwọn iléèwé àti iléeṣẹ́ ìjọba máa lò ó, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ tí èyí yóò fún ẹnikẹ́ni ní Beijing kò tó nǹkan, nítorí pé fóònù àti kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Bí ìjọba bá sì rò pé àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ ẹ, kí ó ṣètò ìdìbò bíi ti Acre, kí ó sì tẹ̀ lé èsì rẹ̀ láìfi falẹ̀.