Ẹ Má Dá Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Lórí Omi Líbíà Dúró

Oṣù kẹta ọdún 2019 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kó ọkọ̀ ogun Operation Sophia, ìyẹn iṣẹ́ ìṣọ́ òkun tó wà lára ohun tó ń ṣe láti dá ọkọ̀ tó ń kó ohun ìjà lọ Líbíà dúró, kúrò lórí omi Líbíà, kì í ṣe pé iṣẹ́ ti parí o, Ítálì ló fárígá pé àwọn aṣíkiri tí wọ́n ń yọ nínú òkun ò ní máa sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ òun nìkan mọ́, làwọn yòókù bá ní kò burú, báàlù láá máa ṣọ́ òkun. Báàlù lè rí ọkọ̀ tó kó ìbọn lóòótọ́, àmọ́ ṣé báàlù lè gun orí ẹ̀ lọ ṣí kọ̀ńténà ni?

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sígbà yẹn tí Haftar, ọ̀gágun tó di ìlà oòrùn Líbíà mú, fi gbógun ti Trípólì, olú ìlú tí ìjọba tí UN mọ̀ wà. A ò sọ pé torí ẹ̀ ló ṣe jáde o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun yẹn gbóná, tí Tọ́kì ń kó ohun ìjà fún Trípólì, tí United Arab Emirates àti Jọ́dánì ń kó tiwọn fún Haftar, bí àwọn ògbógi UN ṣe kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn lọ́dún yẹn, Sophia ò ní ọkọ̀ kan ṣoṣo tó máa dá ẹnikẹ́ni dúró. Bẹ́ẹ̀ òfin UN tó ní kí wọ́n má kó ohun ìjà lọ Líbíà ti wà láti 2011, àṣẹ pé kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n tú u wò sì ti wà láti 2016.

Ibi tó já sí ló ká wa lára jù. Nóvẹ́ńbà 2019, Tọ́kì àti ìjọba Trípólì jókòó, wọ́n pín ààlà òkun láàárín ara wọn, Gíríìsì àti Sáípúrọ́ọ̀sì pariwo títí, ta ló dá wọn lóhùn? Ẹni tó gbé ìbọn wá nígbà tí nǹkan le ni Trípólì ń gbọ́ tiẹ̀, Yúróòpù tó ti kó ọkọ̀ ẹ̀ lọ, ẹnu lásán ló kù fún un.

Wọ́n padà gbé Irini, iṣẹ́ ìṣọ́ òkun tó rọ́pò Sophia, dìde ní 2020, wàhálà sì ń bẹ lórí omi yẹn. Ọkọ̀ ogun Faransé tó ń ṣiṣẹ́ fún NATO (ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn), kì í ṣe fún Irini, àti ti Tọ́kì kojú ara wọn ní Júùnù, ọmọ ẹgbẹ́ NATO kan náà ni wọ́n o, nígbà tó di Nóvẹ́ńbà àwọn sójà Jámánì tó wà lábẹ́ Irini gun ọkọ̀ ẹrù Tọ́kì kan, Roseline A, Tọ́kì ní òun ò gbà, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò tán. Àwọn kan á ní ṣebí ìjà ló ń dá sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Àwọn míì á ní ojú òkun nìkan ni wọ́n ń ṣọ́, tí ohun ìjà ti Haftar ń gba òfuurufú wọlé. Òótọ́ lèyí kejì, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n fi ìṣọ́ kún ìṣọ́, kì í ṣe kí wọ́n yọ èyí tó wà.

Ohun ìjà Líbíà ò sì í dúró ní Líbíà. Èyí tó tú jáde lẹ́yìn ikú Gaddafi wà lára ohun tó dá Málì rú ní 2012, àwọn ará Sàhẹ́lì ṣì ń sin òkú títí dòní. Kí Yúróòpù fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí omi, kí orílẹ̀-èdè yòówù tó bá kọ̀ kí wọ́n yẹ ọkọ̀ ẹ̀ wò gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ ní Ìgbìmọ̀ Ààbò UN, ọ̀rẹ́ ni o, ọ̀tá ni o.