Ọ̀rọ̀ Rere Ní Í Yọ Obì Lápò: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì

"Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó." Ìgbà tí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ làwọn ènìyàn sábà máa ń pa òwe yìí. Lójú tèmi, kò síbi tó ti wúlò tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé àpò aláìsàn ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọn yóò fi wò ó sàn wà.

Kí ló wà nínú àpò ọ̀hún? Oògùn tó ti pa tì nítorí pé ó ń mú un bì. Ẹ̀jẹ̀ tó rí nínú ìgbẹ́, tí ojú ń tì í láti sọ. Àyà tó ti ń dùn ún láti òru, tó ní kóun má fi yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ wo ìyálọ́mọ tí wọ́n jágbe mọ́ nígbà tó ń rọbí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń dà lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn ìbímọ, ó lè rọra fi aṣọ bò ó kí wọ́n má bàa tún bú òun. Ẹ̀jẹ̀ yẹn sì wà lára ohun tó ń pa ìyálọ́mọ jù lọ láyé. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó ti lè gba ẹ̀mí. Lẹ́yìn náà la ó máa béèrè pé kí ló dé tí kò sọ. Ta ló fún un láyè àtisọ?

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí nọ́ọ̀sì ṣáà ti mọ iṣẹ́, pé jàrá ni àánú.

Ìmọ́tótó ni ọ̀pọ̀ fi mọ Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní 1854, nígbà ogun Crimea tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn alájọṣe rẹ̀ bá Rọ́ṣíà jà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tó kọ ní 1859 fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, odindi orí kan ló fi sọ̀rọ̀ lórí ariwo. Kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítòsí aláìsàn, torí pé yóò máa tiraka láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun. Ó ní kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ jókòó síbi tí aláìsàn ti lè rí i, kó má ṣe bí ẹni tó ń kánjú.

Ní 2013, Kate Granger, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, ṣàkíyèsí lórí ibùsùn ilé ìwòsàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òun kì í sọ orúkọ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera pé kí wọ́n kọ́kọ́ máa dárúkọ ara wọn fún aláìsàn. Ó kú ní 2016, ìpè náà ò kú.

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́, àánú kì í ṣe ẹnu dídùn. Ẹ má sọ fún ọmọdé pé abẹ́rẹ́ ò ní dùn ún. Bó bá dùn ún, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yí bàbá tí kò lè yíra padà kó má bàa ní egbò ìdùbúlẹ̀, ẹ fa aṣọ ìkélé kẹ́ ẹ tó ká aṣọ lára wọn, kẹ́ ẹ sì wí fún wọn: "Bàbá, mo fẹ́ yí yín sápá òsì." Kódà bí wọn ò bá lè fèsì.

Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ yín. Ẹni tó ń dá tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn láti alẹ́ mọ́jú, ìrànlọ́wọ́ ló nílò ju ìbáwí lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì tí ẹ ń bú lójú aláìsàn yóò ní àpò tirẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tó bá ṣi oògùn fún ènìyàn, inú àpò yẹn ni yóò fi í pamọ́ sí, nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣì kù tí ẹ lè fi rí i tún ṣe. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí, kẹ́ ẹ ti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ yín ni kó kọ́kọ́ sá wá.