Aago Méjì Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ní àwọn ìlú Lancashire tí iṣẹ́ òwú ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa jí àwọn ènìyàn lójú oorun lọ. Yóò mú ọ̀pá gígùn tí a so wáyà mọ́ lórí dání, yóò máa ti òpópónà kan bọ́ sí òmíràn nínú òkùnkùn, yóò sì máa fi ọ̀pá náà ta fèrèsé yàrá òkè títí ẹni tí ó wà nínú ilé yóò fi yọjú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé àdúgbò tí ajísààrì ti máa ń lu agolo kiri ní oṣù ààwẹ̀ yóò mọ ohun tí mò ń wí, àfi pé ti àwọn wọ̀nyí kì í ṣe oṣù kan lọ́dún, kì í sì í ṣe nítorí Ọlọ́run. Owó díẹ̀ ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń san fún un lọ́sẹ̀, nítorí pé apá òṣìṣẹ́ púpọ̀ kò ká aago rírà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá pẹ́ yóò bá géètì ilé iṣẹ́ ní títì, wọn yóò sì gé nínú owó rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìyà àwọn òṣìṣẹ́ Yúróòpù àtijọ́, owó iṣẹ́ tín-ń-tín àti ilé tóóró ni a máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, a kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi ni pé ohun tí ó wúwo jù nínú ohun tí ilé iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni àkókò. Kí ẹ̀rọ tó dé, ahunṣọ tí ó ń hun aṣọ nínú ilé ara rẹ̀ ni ó mọ ìgbà tí yóò jókòó àti ìgbà tí yóò dìde. Ó lè ṣiṣẹ́ mọ́jú lọ́jọ́ Ẹtì kí ó lè rí aṣọ kó fún oníṣòwò, kí ó sì fi ọjọ́ Ajé najú. Àṣà yìí gbilẹ̀ débi pé wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ajé Mímọ́, bí ẹni pé àjọ̀dún ẹni mímọ́ kan ni. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé àwa ni a ní ọjọ́ Ajé kò ṣeé fi ṣeré.)

Ilé iṣẹ́ fi òpin sí ìyẹn. Ní àwọn ibì kan, aago olójú méjì ni wọ́n gbé kọ́: ojú kan ń sọ àkókò tí gbogbo ayé mọ̀, ìkejì sì so mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ tí omi ń yí. Bí omi odò bá fà, tí kẹ̀kẹ́ ń falẹ̀, ojú kejì náà yóò máa falẹ̀, òun sì ni wọn yóò fi ka iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ ṣe. Oòrùn lè ti wọ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé iṣẹ́, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Nígbà tí àwọn arànwú Tyldesley, nítòsí Manchester, daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1823, wọ́n tẹ owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn jáde kí ayé lè kà á: ẹni tí ó bá ṣí fèrèsé, ṣílè kan, ẹni tí ó bá súfèé, ṣílè kan, ẹni tí wọ́n bá rí tí ara rẹ̀ dọ̀tí, ṣílè kan, ẹni tí wọ́n bá bá níbi tí ó ti ń wẹ ìdọ̀tí náà, ṣílè kan.

Mo ti dé Quarry Bank rí, ilé iṣẹ́ òwú kan ní Styal tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Ẹ̀rọ ìhunṣọ díẹ̀ ni wọ́n tàn fún wa, ilẹ̀ pákó tí a dúró lé sì ń gbọ̀n. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Abájọ tí àwọn obìnrin ahunṣọ fi sọ ètè di èdè: wọn a máa la ẹnu gbàgàdà láìmú ohùn jáde, ẹlòmíràn tí ó wà ní ìkángun yàrá a sì gbọ́ ọ yé. Èmi kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi jáde.

Nínú àwọn òfin tí ìjọba ṣe lórí ilé iṣẹ́, ti 1833 ni ó kọ́kọ́ rí ẹni mú un lò, nítorí pé ó yan alábòójútó mẹ́rin tí yóò máa yẹ ilé iṣẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 sí ilé iṣẹ́ òwú, kí àwọn tí kò tíì pé 13 má sì ṣe ju wákàtí 9 lọ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1837 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ ọjọ́ orí ọmọ? Dókítà ni yóò wo ìdúró ọmọ, àwọn mìíràn a sì wo eyín rẹ̀. Àwa tí wọ́n ní kí a na ọwọ́ kọjá lórí, kí a fi kan etí kejì, kí a tó lè wọ ilé ìwé, kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìpàdé, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún, òfin wákàtí mẹ́wàá jáde ní 1847 fún àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀gá wá ọgbọ́n yí i po, wọ́n ń pín òṣìṣẹ́ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí ẹ̀rọ má baà dúró, kí alábòójútó má sì lè mọ ẹni tí ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1850 ni òfin mìíràn dí ihò yẹn, ó fi ìdajì wákàtí kún iṣẹ́ òòjọ́, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti lù, kí wọ́n máa lọ sílé. Kò dárúkọ àwọn àgbà ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́, nítorí náà àwọn ọkùnrin náà jàǹfààní. N kò gbà pé àánú ni ó ṣe é.

Kí ni wọ́n fi ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn yòókù lọ wòran. Ní 1883, Blackburn Olympic, tí àwọn ahunṣọ wà nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, na Old Etonians, àwọn ọmọ ọlọ́lá tó jáde ní ilé ìwé Eton, pẹ̀lú àmì ayò 2 sí 1 lẹ́yìn àfikún àkókò, wọ́n sì gbé ife FA lọ sí Lancashire. Nígbà tí ìdíje Líìgì bẹ̀rẹ̀ ní 1888, mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ 12 ni ó ti Lancashire wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n dá Newton Heath sílẹ̀ ní 1878, òun ni ó di Manchester United. Àwọn tí ń ṣe ohun ìjà ní Woolwich ni wọ́n dá Arsenal sílẹ̀ ní 1886. Aago méjì ni iṣẹ́ ń parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìdí nìyẹn tí aago mẹ́ta ọ̀sán fi di àkókò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí kò ní kọ̀ kí a fi ọ̀pá kan fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀. Aago méje òwúrọ̀ ni ó ń wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, aago méje alẹ́ ni ó ń jáde, ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú. Jẹ́sì Arsenal ni ó máa ń wọ̀ sínú aṣọ iṣẹ́. Nígbà tí yóò bá fi dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, wọ́n ti máa ń to àga lérí ara wọn, yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ń gbálẹ̀ pé, "Mélòó ni wọ́n gbá a?"