Èrò ọkàn mi: àǹtí mi tí ò gbà pé Kòrónà wà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe àwọn tí ò gbà pé Kòrónà wà ní ọ̀dẹ̀. Èmi náà ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

April 2020, kónílé-ó-gbélé ti mú gbogbo wa l'Ékòó, àǹtí mi tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ pè mí, wọ́n ní ta ni mo mọ̀ tí Kòrónà mú. Mo ní Abba Kyari ti kú, àbí chief of staff Buhari ò tó ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní "mo bi ẹ́ léèrè èèyàn, o ń dárúkọ ará Aso Rock fún mi." Inú bí mi. Alaalẹ́ ni mo ń fi iye èèyàn tí NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àìsàn, kà pé Kòrónà mú ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, àwọn náà á fi fóìsì nóòtù ọkùnrin kan tó ní oòrùn wa ń pa á dá mi lóhùn, a bá a báyẹn títí a ò fi kíra mọ́.

Ohun tí mi ò rò ni 2014. Nígbà tí Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia lóṣù keje, ta ló jiyàn? Kódà a gbà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣẹ́ ẹ rántí òru iyọ̀ yẹn, tí wọ́n ń tàn án kiri pé omi iyọ̀ ò ní jẹ́ kí Ebola múni? Màámi pè mí lóru, wọ́n ní kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí n sì mu díẹ̀, mo wẹ̀, mo mu, èmi tí mo kàwé (ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà wẹ̀). Ebola lójú, ó lórúkọ: gbogbo wa la gbọ́ nípa Dókítà Adadevoh tí ò jẹ́ kí Sawyer kúrò ní ọsibítù, tí àìsàn náà sì pa dókítà yẹn fúnra ẹ̀ ní August 19. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, October 20 ni WHO ní ó ti tán ní Nàìjíríà.

Àmọ́ ọjà àǹtí mi ńkọ́? Torí Ebola, wọ́n kéde pé kẹ́nikẹ́ni má jẹ ẹran ìgbẹ́ mọ́, kò sẹ́ni tó rà, fíríìsà ni àǹtí tà kí wọ́n tó rówó ilé-ìwé ọmọ san, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé báwo ni. Tẹ́ ẹ bá wá tún ní àìsàn tuntun dé, ohun tétí wọn máa gbọ́ ni pé ọjà ti tún kú.

Ìgbà tó di October 2020, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rù ní Mazamaza l'Ékòó, palliative, oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà, kún ibẹ̀ bámú. Àǹtí pè: "Ṣó o ti rí i báyìí?" Mo rí i. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣíwọ́ fífi nọ́ńbà NCDC bá wọn jiyàn. Mo kàn ní, àǹtí, Màmá àgbà tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ ọyẹ́ yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀? Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní "ìyẹn nìkan ló ń bà mí lẹ́rù." A sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, a ò dárúkọ Kòrónà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo débẹ̀ ní Kérésì, mo bá rọ́bà omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá. Mo ń wò ó. Wọ́n ní kí n yé rẹ́rìn-ín, pé kì í ṣe torí Kòrónà yín o, ọwọ́ ẹ̀yin ará Èkó ló dọ̀tí.