Òjò inú ewì al-Sayyab: ìyè ni àbí ìyà?

Ọmọ Kéwú: Ẹ gbà mí o. Wọ́n ní kí n kọ iṣẹ́ lórí àmì nínú ewì Lárúbáwá òde òní, mo wá mú "Unshudat al-Matar", orin òjò tí al-Sayyab ọmọ Ìráàkì gbé jáde ní 1954. Gbogbo ìwé tí mo ṣí ló ń sọ pé òjò yẹn, àjíǹde ni, pé Tammuz ni, òrìṣà ayé àtijọ́ tó máa ń kú tó tún máa ń jí. Mo ka ewì yẹn látòkè délẹ̀, mi ò rí Tammuz kankan.

Àdùnní: Àbúrò, ṣé dandan ni kó dárúkọ ẹ̀ ni? Ó ní inú ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan ni àwọ̀ òdòdó wà, pupa àbí ìyeyè. Àjíǹde wo ló tún kù?

Alfa Àgbà: Ẹ dúró ná. "Matar" ló kọ, kò kọ "ghayth". Ẹni tó bá ń ka Kùránì mọ̀ pé ghayth ni òjò àánú, matar sì rèé, ìyà ló sábà máa ń bá rìn níbẹ̀, bí èyí tó rọ̀ lé ìjọ Ànábì Lúùtù lórí. al-Jahiz, òǹkọ̀wé Lárúbáwá àtijọ́, ti sọ èyí láti ayé ọjọ́un. Ẹ wá ń wá Tammuz kiri, Thamud, ìjọ tí Ọlọ́run fi ìyà pa run nínú Kùránì, ló wà níbẹ̀ kedere! Ó ní atẹ́gùn ò ní fi ipasẹ̀ Thamud kankan sílẹ̀ nínú àfonífojì.

Sọ̀rọ̀sókè: Ha Alfa, kọ́múníìsì lọkùnrin yìí nígbà kan o, ẹ má sọ ọ́ di wáàsí 😂 Ó ní kò sọ́dún tí ebi ò sí ní Ìráàkì, òjò ń rọ̀, irè oko ń jáde, kannakánná àti eṣú ló ń jẹ ẹ́ yó. Ta lẹ rò pé eṣú yẹn jẹ́?

Alfa Àgbà: Kọ́múníìsì tó gbọ́ Lárúbáwá ni. Ọ̀rọ̀ kì í bọ́ ìtumọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Orí àwọn eṣú yẹn gan-an ni mo ní ìyà ń rọ̀ lé.

Àdùnní: Ó dáa, ọmọdé tí ìyá ẹ̀ kú ńkọ́, tí wọ́n ń tàn pé ọ̀túnla ló máa dé, bẹ́ẹ̀ ìyá wà nínú sàréè lẹ́bàá òkè, ó ń jẹ erùpẹ̀, ó ń mu òjò? Ìyá al-Sayyab fúnra ẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Alfa, òjò yẹn, matar ni àbí ghayth?

Alfa Àgbà: Èyí le o. Ẹ jẹ́ n kírun tán ná.

Ọmọ Kéwú: Èmi ti pa ojú ewé kìíní rẹ́ báyìí, ẹ máa bá a lọ 😭