Ọwọ́ Tó Wọ Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí wọ́n bá pa òwe yìí fún wa nílé, iṣẹ́ ló máa ń tẹ̀ lé e: kí ọmọ dìde kó lọ jíṣẹ́, torí àgbà náà á bá a mú ohun tó wà lókè lọ́jọ́ mìíràn. Apá kejì òwe náà ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọrùn kèrègbè rí tóóró. Ọwọ́ tí gbogbo ilé ń wò pé ó kéré, òun nìkan ló lè wọ ibẹ̀ kó sì mú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Láti ọdún 2009 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá. Ọwọ́ tó tó pẹpẹ kò wọ́n wa nílé-ìwé. Àwọn ọwọ́ kékeré ni a kì í pè.

Ọmọkùnrin kan wà ní Pírámárì 2 lọ́dọ̀ mi ní Kubwa. Ọmọ 63 ló wà nínú yàrá náà, mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan. Tí mo bá pè é, kò ní dáhùn. Tí mo bá pe ọ̀rọ̀ fún wọn láti kọ, ìwé ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò máa wò. Mo pè é ní alágídí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní. Nígbà tó sú mi, mo ránṣẹ́ sílé wọn kí n lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ìyá àgbà rẹ̀ ló wá. Gbagyi ni wọ́n, àwọn tí àwa Yorùbá ń pè ní Gwari. Gbagyi ni wọ́n ń pe ara wọn, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Igi ìdáná wà ní èjìká màmá náà, torí àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí. Orí níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú wọn. Ó sọ igi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọn èèpo kúrò láṣọ, ó wọlé. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Hausa tèmi náà kò sì kọjá ti ọjà. Mo rojọ́ tán, kò bá mi jiyàn. Ó dúró lápá ọ̀tún ọmọ náà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ dáhùn kíá. Ó bọ́ sápá òsì, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Pátákó ni ọmọ ń wò, bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Màmá wá yíjú sí mi: "Da kunne ɗaya yake ji, Malama." Etí kan ṣoṣo ló fi ń gbọ́ràn.

Ìdí ògiri apá ọ̀tún ni mo fi ọmọ yìí jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Etí tó ń gbọ́ kọjú sí ògiri, èyí tó di ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ láti gbé e lọ síwájú, lápá òsì, lẹ́bàá fèrèsé. Ìwé ẹ̀rí NCE, ti iṣẹ́ olùkọ́, tí mo gbà kò sọ èyí fún mi. Obìnrin tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa fẹ́ dá padà nítorí igi èjìká rẹ̀ ló mú un wá.

Òfin wà. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí láti fi ọmọ sílé-ìwé, ó sì ní kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́. Òfin tó dáàbò bo àwọn akàndá ẹ̀dá, tí wọ́n pè ní ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbà wọ́n láyè, kó sì ní òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ọdún 5 ni wọ́n fún àwọn ilé ìjọba láti tún àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ọdún 5 náà sì ti pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ní Àbújá níbí, ilé-ìwé àwọn ọmọ tí kò ríran wà ní Jabi, ti àwọn tí kò gbọ́ràn wà ní Kuje. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi etí kan gbọ́, èyí tó ń kólòlò, èyí tí wárápá ń gbé, àárín àwọn ọmọ wa ni wọ́n jókòó sí, òbí wọn nìkan ló sì lè sọ fún wa.

Ibo la ti fẹ́ gbọ́ ọ, tó bá jẹ́ pé bí a ṣe máa ń ṣe ìpàdé òbí la ṣì ń ṣe é? Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ta ni yóò fi ọjà sílẹ̀? Owó la sì máa ń sọ. Níbòmíràn wọ́n ń ka orúkọ ọmọ tí kò tíì san owó ẹgbẹ́ òbí níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ìyá tí wọ́n ka orúkọ ọmọ rẹ̀ báyìí kò ní wá mọ́, bó bá mọ ohun tí yóò gba ọmọ náà là pàápàá.

A gbé ìpàdé tiwa sí ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ààbọ̀, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti dé, tí àwọn Mùsùlùmí sì ti kírun Alásàrì. A ní kí wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ní Hausa, Gbagyi, Tiv, Igbo àti Yorùbá. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025 wọ́n fagi lé e, ó di Gẹ̀ẹ́sì padà. Èyí ó wù kí wọ́n mú, kò sí ìlànà tó ní ká má fi èdè tó yé ìyá ọmọ bá a sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí a kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: kí lẹ mọ̀ nípa ọmọ yín tí àwa kò mọ̀?

Ìyá kan tó ń ta àkàrà dìde. Ó ní wárápá ń gbé ọmọ òun, pé bó bá ti ń fa ọrùn aṣọ rẹ̀ léraléra, ó ti fẹ́ dé nìyẹn. Yàrá dákẹ́. Ẹ mọ ìdí: ọ̀pọ̀ wa la ti sọ fún pé itọ́ ẹni tí wárápá gbé máa ń ranni. Irọ́ ni, àrùn náà kì í ran ẹnikẹ́ni. Màmá náà tẹ́ ìborùn sílẹ̀, ó fi hàn wá bí a ṣe ń dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a gbé bẹ́ǹṣì kúrò nítòsí, kí a má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a má sì dì í mú. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ni. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń sá tẹ́lẹ̀ ló ń pariwo báyìí pé, "Àǹtí, ó ń fa ọrùn aṣọ o!"

Ẹ̀yin òbí Yorùbá tí a jọ wà níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé bá ń sọ, bí kò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá. Ọmọ ọdún 6 tó ń fi "Gàmbàrí" bú ẹnìkejì rẹ̀, kò bá a lórí pátákó wa. Bàbá tó ní ká gbé ọmọ òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ akàndá ẹ̀dá, Yorùbá ni, ó sì dùn mí, torí àwa la ní ẹni Òrìṣà ni abuké àti afín, tí a kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ń yan SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bá ilé-ìwé yín bójú tó ètò rẹ̀, tí ìlànà fàyè gba òbí, obìnrin àti olórí àdúgbò nínú rẹ̀, ẹ bèèrè pé òbí akàndá ẹ̀dá wo ló wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má kúrò níjòókòó.

Ọmọ tó ń fi etí kan gbọ́ ti wọ Pírámárì 4. Lọ́jọ́ tí a wọlé ní sáà yìí, kí n tó dé, ìyá àgbà rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tuntun. Igi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olùkọ́ tuntun tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, màmá sì ń fi ìka kan etí ọ̀tún ara rẹ̀.