Ẹ jẹ́ kí ẹṣin ẹlẹ́ṣin mumi tán, ẹ jọ̀ọ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá fi ẹlòmíì sílẹ̀ nídìí omi, kí ló ń ṣe yín gan-an? Àná ni mo gẹṣin nínú eré ọ̀nà jíjìn, 80 kìlómítà, oòrùn ń mú ganrínganrín. Ẹṣin tèmi kì í tètè mumi, ó dìgbà tá a bá rìn jìnnà. Ìdí omi kejì ló tó tẹrí ba, ó kẹnu bọ̀ ọ́, mò ń wo ọ̀fun ẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì, mò ń kà á, mo ka mẹ́fà, làwọn mẹ́ta tá a jọ débẹ̀ bá ṣẹ́rí ẹṣin wọn padà wọ́n ki eré mọ́lẹ̀, wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn! Tèmi gbórí sókè, omi ń kán lẹ́nu ẹ̀ tó tó tó, ó ń yán, ó ń pòyì, àfi kó ṣáà sá tẹ̀ lé wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò mu ún mọ́.

Ẹṣin kì í ṣe mọ́tò o! Ẹran tó ń rìn lágbo ni, tẹ́gbẹ́ ẹ̀ bá ti lọ ẹ̀rù á bà á, á gbàgbé òùngbẹ. Ẹlẹ́ṣin wo ni ò mọ̀yẹn? Ìṣẹ́jú kan péré lẹ ò lè dúró?

Ọ̀kan nínú wọn náà ló já wa sílẹ̀ láàárọ̀ lójú ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ibi tí ìsàlẹ̀ jìn, kò ké sí wa, kò bèèrè pé ṣé kóun kọjá, àfi fìrì! Ẹṣin iwájú mi sì rèé, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ìrù ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń tàpá, ẹ jìnnà sí i. Díẹ̀ ló kù kó fọ́ orúnkún ẹni yẹn. (Àwọn tó ń ki fóòmù tí wọ́n fi nu òógùn ẹṣin bọnú omi mímu, mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín.)

Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko tó ń yẹ àwọn ẹṣin wò nínú eré náà, ó fa awọ ọrùn ẹ̀, awọ ò tètè padà, ó gbọ́ ikùn ẹ̀, ìfun dákẹ́, bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù ò sì wálẹ̀ sí ìgbà 64 ní ìṣẹ́jú kan lásìkò. Wọ́n dá wa dúró níbẹ̀. Mi ò bá dókítà jà, inú rírun lè pa ẹṣin tómi ò tó lára ẹ̀.

Mo tú gàárì, mo gbé báàkẹ́tì síwájú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sá fi í sílẹ̀ mọ́. Ó mu ún gbẹ. Mo tún pọn òmíì, ó mu ìyẹn náà gbẹ.